Báàtì Kíríkẹ́ẹ̀tì Àfọwọ́ṣe: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Èyí Tó Tó Owó Rẹ̀

Ní ìparí táàmù tó kọjá, bàbá kan wá bá mi ní pápá iléèwé tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíríkẹ́ẹ̀tì n'Ílọrin. Ó gbé báàtì tuntun kan (igi pẹrẹsẹ tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì) dání bí ẹni gbé òfì ìyàwó. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ó rà á fún. Ojú báàtì náà funfun báláú, ìlà ara igi rẹ̀ tò gbọọrọ láti òkè délẹ̀, owó tó san lé e lórí sì ju owó iléèwé ọmọ náà lọ fún táàmù kan. A ju bọ́ọ̀lù mẹ́ta sí ọmọ náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọjá kí ó tó gbé báàtì náà yípo tán. Báàtì àgbàlagbà ni. Igi rẹ̀ dára, ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ní ti ọmọ yẹn, omi ni owó náà wọ̀.

Láti oṣù kìíní ọdún 2025, tí àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà wa tí wọn kò tíì pé ọdún 19 fi rọ́ọ̀nù 2 (rọ́ọ̀nù ni àmì ayò kíríkẹ́ẹ̀tì) borí New Zealand nínú ìdíje àgbáyé ní Kuching, ní Màléṣíà, ni àwọn òbí tó ń béèrè báàtì lọ́wọ́ mi ti ń pọ̀ sí i. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún gbogbo wọn: ẹwà igi ni owó báàtì ń tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe gbẹ igi náà, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, àti bó ṣe bá ara ẹni mu ni rọ́ọ̀nù ń tẹ̀ lé. Bí a ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà tí a bá fẹ́ ra báàtì ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wọn ẹni tó máa lò ó

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fara ti ògiri, kí ẹ fi téèpù wọn gíga rẹ̀. Báàtì ní nọ́ńbà bíi bàtà. Nọ́ńbà 3 wà fún ọmọ tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 137 sí 145, nọ́ńbà 4 fún 145 sí 150, nọ́ńbà 5 fún 150 sí 157, nọ́ńbà 6 fún 157 sí 168. Èyí tí wọ́n ń pè ní Harrow ló tẹ̀ lé e, fún ẹni tó ga tó 168 sí 175, kí a tó wá kan báàtì àgbà. Ó máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà bí ọmọ bá bọ́ sí àárín nọ́ńbà méjì, èyí tó kéré ni kí ẹ mú.

Mo mọ̀ pé ó mọ́ wa lára láti ra aṣọ tó tóbi fún ọmọ kí ó lè wọ̀ ọ́ pẹ́. Aṣọ gbà bẹ́ẹ̀, báàtì kò gbà. Ọmọ tí báàtì bá wúwo fún á máa fi ọwọ́ ìsàlẹ̀ wọ́ ọ, á máa gbá bọ́ọ̀lù sókè fún ẹni tó ń dúró hán an, àṣà náà á sì mọ́ ọn lára títí tí yóò fi dàgbà. Báàtì àgbà sábà máa ń wọ̀n láàárín kílò 1.1 sí 1.25. Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ lò ó fi ọwọ́ òkè nìkan (ọwọ́ tó máa ń wà lókè èkejì) di ìmú rẹ̀, ibi tí a ti ń dì í, mú, kí ó nà án síwájú gbọọrọ, kí ẹ sì ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́wàá. Bí apá rẹ̀ bá ń gbọ̀n kí ẹ tó kà á tán, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kí ó dára tó.

Ẹ tún béèrè irú bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa gbá. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù tẹníìsì ni àwọn ọmọ ń gbá lẹ́yìn ilé ní Gáà-Àkànbí tàbí ní àdúgbò kan l'Ọ́fà, ẹ má náwó sí willow, igi tí wọ́n sábà fi ń ṣe báàtì, rárá. Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ lè gbẹ́ báàtì láti ara mélínà tàbí arère. Kò sì lòdì sófin: òfin eré yìí kò dárúkọ irú igi kan, igi ni ó kàn sọ pé abala tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́. (Ọdún 1979 ni Dennis Lillee, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì kan, gbé báàtì alumíníọ̀mù wọ pápá ní Perth ní Ọsirélíà, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ ọ́ sínú òfin gbangba pé igi ni.) Èmi fúnra mi ti gbé pákó mélínà láti Sawmill lọ bá káfíńtà, báàtì mẹ́fà jáde nínú rẹ̀, àwọn ọmọ sì fi wọ́n ṣeré ju ọdún kan lọ. Àmọ́ bọ́ọ̀lù aláwọ tó le kò ṣe é fi irú rẹ̀ gbá. Yóò fọ́ ọ, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ á sì máa dun ọmọ náà lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ igi tí ẹ ń san owó lé lórí

Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù aláwọ, oríṣi willow méjì ni ẹ máa bá pàdé. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń hù létí omi ní agbègbè bíi Essex àti Suffolk. Wọ́n máa ń gé e nígbà tó bá tó nǹkan bí ọdún 15 sí 20. Ó fúyẹ́, ó rọ̀ díẹ̀, ó sì máa ń ta bọ́ọ̀lù padà dáadáa. Ti Kashmir, agbègbè kan ní ìhà Íńdíà, wúwo jù ú lọ, ó le jù ú lọ, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ìlà ara rẹ̀ kì í sì í hàn tó bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Ọba, wọ́n ń ta báàtì Kashmir ní iye tí kò tó 100 pọ́n-ùn, nígbà tí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní ipò kìíní ń lọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, tí àwọn kan sì kọjá 500.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó ń rajà mọ̀. Igi tí ilé iṣẹ́ J.S. Wright & Sons ní Essex, tó ti wà láti ọdún 1894, ń gé kì í dúró sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Wọ́n ń kó o lọ sí Meerut àti Jalandhar ní Íńdíà, àti Sialkot ní Pakistan, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń gbẹ́ báàtì láti ìran dé ìran. Torí náà, bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára báàtì pé Íńdíà ni wọ́n ti ṣe é, ẹ má yínmú. Igi kan náà lè wà nínú rẹ̀ àti nínú èyí tí wọ́n gbẹ́ ní Sussex, kí ó sì jẹ́ pé owó òṣìṣẹ́ àti owó ilé ìtajà ló mú kí iye wọn jìnnà síra.

Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti fún àpò ohun èlò iléèwé tí ogún ọmọ máa ń fà káàkiri, Kashmir ni mo máa ń ní kí wọ́n rà. Mi ò rí ìdí tí a ó fi ra ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ tí yóò dàgbà jù ú lọ láàárín ọdún kan àbọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gíréèdì

Ibí ni owó púpọ̀ ti ń sọnù.

Wọ́n máa ń pín willow ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí gíréèdì 1, 2, 3, 4, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì tún ń fi àmì kún ti kìíní kí owó rẹ̀ lè gòkè sí i. Gíréèdì 1 ni èyí tó funfun, tí ìlà rẹ̀ tò tààrà, tí kò ní àbàwọ́n. Bí igi bá ní apá tó pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní àmì dúdú kéékèèké tàbí ìlà tó wọ́, wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó. Kò sí ẹnì kan tó fi bọ́ọ̀lù gbá a wò kó tó fún un ní gíréèdì.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Ẹni tó mọ òfì n'Ílọrin níbí kì í wo dídán ojú aṣọ nìkan. Ó máa ń tú u, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, á fi ọwọ́ méjèèjì fà á kó lè mọ̀ bóyá ó hun dì, á wo ibi tí wọ́n ti gán abala kan mọ́ èkejì. Ó mọ̀ pé ahunṣọ kan lè fi òwú olówó ńlá hun aṣọ tó ṣáko, kí ẹlòmíràn sì fi òwú tí kò gbówó lórí hun èyí tí yóò di ohun àjogúnbá. Bí ẹ bá lè fi ojú yẹn wo òfì, ẹ lè fi wo báàtì.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ara igi náà jẹ́ nǹkan bí ọdún kan tí igi fi dàgbà. Báàtì tí ìlà rẹ̀ pọ̀, bíi 10 sí 12, máa ń ta bọ́ọ̀lù dáadáa láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kì í sábà pẹ́. Èyí tí ìlà rẹ̀ kò ju 6 tàbí 7 lọ máa ń fẹ́ sùúrù kí ó tó ṣí, ó sì máa ń fara dà á. Àwọn tó ń tà á kì í sọ ìyẹn. Ìlà tó pọ̀ ni wọ́n ń tà. Irú igi kan tún wà tó ní àwọ̀ tó tàn kálẹ̀ lójú bí ìyẹ́ labalábá. Owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀ torí pé kò dára lójú, bẹ́ẹ̀ igi tó lágbára ni. Bí mo bá rí irú rẹ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá mi mu, mi ò ní jẹ́ kó lọ.

Ohun tí mo rò nìyí, mo sì ti ń sọ ọ́ láti ọdún pípẹ́: gíréèdì 2 tàbí 3 láti ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ ni ó tó owó rẹ̀ jù fún ẹni tó ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gíréèdì 1 tí agbára rẹ̀ sì ká a, kó rà á, ẹwà náà ní iye tirẹ̀. Kó kàn mọ̀ pé ẹwà ló ń san owó fún.

Ẹ ṣọ́ra fún báàtì tí wọ́n fi kẹ́míkà bó kó lè funfun, àti èyí tí wọ́n kun gbogbo ojú rẹ̀ ní ọ̀dà tàbí tí wọ́n fi nǹkan bò mọ́lẹ̀ tí ìlà igi kò fi hàn mọ́. Wọ́n kì í sábà bo igi tó dára.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ibi tí ọwọ́ oníṣẹ́ ti ń hàn

Tí wọ́n bá ní àfọwọ́ṣe ni báàtì, kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ kò kàn án. Ẹ̀rọ ló ń tẹ igi, ẹ̀rọ ló sì máa ń gé e jáde ní ọ̀pọ̀ ibi. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni gbígbẹ́ ìkẹyìn: ọ̀bẹ ìfá ọlọ́wọ́ méjì, ìfági, sáńpépà, kí oníṣẹ́ máa gbé e sókè, kó máa wò ó, kó tún fá a díẹ̀ títí tí yóò fi wà déédéé lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú tó fi ń ṣe ìyẹn lẹ ń ra lọ́wọ́ rẹ̀. Báàtì méjì lè wọ̀n bákan náà lórí òṣùwọ̀n kí ọ̀kan sì dà bíi pé ó fúyẹ́ ju èkejì lọ nígbà tí ẹ bá gbé e, nítorí ibi tí wọ́n fi ẹran igi náà sí.

Ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti ní láti gbẹ igi náà títí omi inú rẹ̀ yóò fi sún mọ́ ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ ojú rẹ̀ kó lè le. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jù, báàtì á pẹ́ ṣùgbọ́n á kú lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù kò ní ta. Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, bọ́ọ̀lù á máa ta dáadáa, ojú báàtì á sì kún fún ihò kí oṣù méjì tó pé. Bí wọ́n bá gbẹ ẹ́ jù, á fúyẹ́, á sì tètè sán.

Ìyẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí wa. Báàtì àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa dá owó rà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn bí ìrọ̀rí, ó sì fúyẹ́ bíi wàláà ọmọ kéú. Inú wa dùn, a rò pé a ti rí ọ̀pọ̀. Nínú oṣù tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti òkè dé àárín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò. Ẹni tó tà á fún wa kò gbé ìpè wa mọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ẹ̀gbẹ́ tó nípọn lára báàtì tó fúyẹ́ jù, mo máa ń bi ara mi léèrè ibi tí omi inú igi náà lọ. Òfin pàápàá ti fi ààlà sí i láti oṣù kẹwàá ọdún 2017: ẹ̀gbẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ibi tó nípọn jù kò gbọ́dọ̀ kọjá 6.7, ìbú kò sì gbọ́dọ̀ ju 10.8.

Ìmú báàtì, pankẹ́rẹ́ ni. Pankẹ́rẹ́ tó ń wá láti ìhà Màléṣíà àti Indonéṣíà ni wọ́n ń là, tí wọ́n ń lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n sì fi rọ́bà há àárín rẹ̀ kó lè máa gba ìgbọ̀nrìrì bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni oníṣẹ́ tó fẹ́ dín ìnáwó kù máa ń kọ́kọ́ jí nínú iṣẹ́.

Ní ti orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn: ilé iṣẹ́ tó gbẹ́ báàtì àti ilé iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn gbajúmọ̀ tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n pàápàá, àwọn kan nínú wọn ń lo báàtì tí ẹlòmíràn gbẹ́ tí wọ́n wá lẹ orúkọ ẹni tó ń sanwó fún wọn mọ́. Ẹ béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ dán an wò

Ẹ kọ́kọ́ gbé e bí ẹni fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe bí ẹni gbé igi ìdáná. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè sí ojú yín kan, kí ẹ wo ìmú rẹ̀ bóyá ó tọ́ tààrà pẹ̀lú ojú báàtì. Ẹ rọra lọ́ ìmú náà. Bó bá dún ketekete tàbí tó yẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ wo oríkèé, níbi tí ìmú ti wọ inú igi bí ẹnu àkùkọ: kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo, kò sì gbọ́dọ̀ sí gúlúù tó ṣàn jáde tí wọ́n fi dí ihò.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti ra ìkòkò l'Ókèlele mọ ohun tí mo ń sọ: a máa ń fi oríkèé ìka kan ìkòkò kí a tó sanwó, èyí tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ á kú. Ẹ fi òòlù igi kékeré tàbí bọ́ọ̀lù aláwọ kan ojú báàtì láti ìdí lọ sókè. Ibi tó bá ti dún ganran, tí ọwọ́ yín kò sì gbọn rìrì, ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù á ti máa ta jù. Bí ibẹ̀ bá fẹ̀, tó tó ìbú ọwọ́ kan ó kéré tán, ó dára. Lórí pápá tí wọ́n tẹ́ mátì lé kọnkéré, bọ́ọ̀lù máa ń fò sókè, nítorí náà ẹ wá èyí tí ibẹ̀ wà ní àárín tàbí lókè díẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù kì í ti í fò, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ ìdí.

Bí ẹ bá ń rà á láti òkèèrè, ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò gbogbo èyí, kí wọ́n sì gbé báàtì náà gan-an tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sórí òṣùwọ̀n. Fọ́tò inú ìwé ìpolówó kò tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣírò rẹ̀ dópin

Iye tí wọ́n kọ sára ọjà kọ́ ni iye tí yóò ná yín. Ẹ fi owó ìfiránṣẹ́ kún un, owó àṣẹ́bodè, owó mọ́tò láti Èkó dé Ilọrin, owó epo ìpara, owó rọ́bà ìmú. Lẹ́yìn náà kí ẹ pín in sí iye sáà tí yóò lò. Ká ní, fún àpẹẹrẹ lásán, báàtì kan ná yín ní ₦60,000 tó sì lò fún sáà kan péré, tí èkejì ná yín ní ₦180,000 tó lò fún sáà mẹ́rin. Ti èkejì jẹ́ ₦45,000 fún sáà kọ̀ọ̀kan. Òun ló rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n tí ọmọ tó ń lò ó bá máa ga jù ú lọ lẹ́yìn sáà méjì, tí kò sì sí àbúrò tó máa jogún rẹ̀, ìṣírò náà ti yí padà nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí báàtì gbé gbogbo owó lọ. Pádì (ohun tí a ń dì mọ́ ẹsẹ̀), ìbọ̀wọ́ àti akoto ló ń dáàbò bo ọmọ, báàtì kò lè ṣe ìyẹn. Bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè rí ọ̀dọ́kùnrin kan ní Òmù-Àrán tó ra báàtì àgbà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú owó náà ló ti ra Kashmir nọ́ńbà 3, pádì, ìbọ̀wọ́ àti akoto, owó sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń ná an, ẹ má kàn ní kí wọ́n gé owó. Ẹ ní kí wọ́n fi rọ́bà ìmú kejì kún un, tàbí kí wọ́n bá yín fi òòlù igi lù ú kó lè tó lò, bí mo ṣe máa ṣàlàyé nísàlẹ̀. Nǹkan wọ̀nyí rọrùn fún ẹni tó ń tà láti fi sílẹ̀ ju owó lọ.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn: kí ẹ tó fi gbá bọ́ọ̀lù kan

Báàtì tuntun kò tíì tó lò. Ẹ ra òróró linseed tútù, èyí tí wọn kò sè. Àwọn tó ń ta ohun èlò ayàwòrán máa ń ní in. Ẹ fi aṣọ pa á fẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú, ẹ̀gbẹ́ àti ìdí, kí ẹ má ṣe kan oríkèé. Ẹ fi í lélẹ̀ gbọọrọ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún pa á, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe àdín, kì í sì í ṣe òróró ẹ̀pà. Àwọn wọ̀nyẹn kì í gbẹ, inú igi ni wọ́n máa wà tí wọ́n á máa mú un wúwo.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé òòlù igi. Káfíńtà lè fi igi líle ṣe é fún yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ máa fi kún agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi òòlù náà dẹ̀gbẹ́ lu etí rẹ̀ kí ó lè rọra tẹ̀ roboto. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀, ẹ pín in sí ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wá fi bọ́ọ̀lù ògbólógbòó gbá a fẹ́ẹ́rẹ́ kí ẹ tó gbé e wọ pápá. Ti Kashmir náà nílò rẹ̀, bí ẹni tó ń tà á bá tilẹ̀ sọ pé kò nílò.

Láti oṣù kejìlá di oṣù kejì, ọyẹ́ tó ń gbẹ ètè wa n'Ílọrin ń gbẹ igi náà. Ẹ má fi báàtì sílẹ̀ nínú bùútù mọ́tò, ẹ má gbé e sábẹ́ páànù òrùlé. Ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí iyàrá tó tutù, kúrò lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì. Ẹ pa linseed sí i fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ọyẹ́ tó wọlé, kí ẹ sì máa wo ìdí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí ibẹ̀ ni sísán ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ínrín kan, ẹ fi gúlúù igi sí i lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ fi okùn dì í pinpin, kí ẹ sì jẹ́ kó sinmi di ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó tún fi gbá bọ́ọ̀lù.